Ta Ló Ní Kí A Máa Dá Kàwé?

Ìdánwò sáà kejì ti parí. Kálukú ń wo fóònù rẹ̀ bí ẹni ń wo ọ̀nà àlejò, èsì là ń retí. Kí èsì tó dé ni mo fẹ́ sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, torí pé bó bá ti dé tán, ẹni tó yege kò ní fẹ́ gbọ́ mọ́, ẹni tí kò yege kò sì ní ráyè ọ̀rọ̀ tèmi.

Mo fẹ́ sọ bí àwa ọmọ agbègbè Ọ̀ṣun ṣe ń kàwé ní yunifásítì ní tòótọ́. Kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà tí wọ́n pín fún wa lọ́jọ́ tí a wọlé. Ìwé yẹn ní kí a máa lọ sí kíláàsì, kí a máa kọ nǹkan sílẹ̀, kí a máa lọ sí ilé ìkàwé, kí a sì máa dá ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bá fún wa. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òtítọ́: mélòó nínú wa ló yege nítorí ohun tó gbọ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ nínú gbọ̀ngàn tí èrò kún fọ́fọ́, tí ẹni tó wà lẹ́yìn kò gbọ́ ohùn olùkọ́? Ní tèmi, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo ń yege. Lórí bẹ́ǹṣì ni, lábẹ́ iná sólà, nígbà tí ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ náà ti yé bá dìde, tó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín bí ẹni tó ń bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀."

Àwọn kan gbà pé ìyẹn kì í ṣe ìwé kíkà. Wọ́n ní àgbájọ ọ̀lẹ ni. Èmi ní ibẹ̀ gan-an ni yunifásítì wà, àti pé ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní làákàyè jẹ́ láàárín wa ni pé wọn kò ríbi wọ inú rẹ̀.

Ọjà Ọba ni mo gbé dàgbà. Ẹni tó bá mọ Òṣogbo ti mọ ibi tí mò ń wí, iwájú ààfin Àtáọ́ja, níbi tí ọkọ̀, ọ̀kadà, aláàárù àti ẹni tó wá ra ata ti ń bá ara wọn du ọ̀nà. Màámi ń ta èlùbọ́ àti ẹ̀wà níbẹ̀. Tí ilé ìwé bá ti jáde, ibẹ̀ ni mo ń gbà lọ, aṣọ ilé ìwé a sì wà lọ́rùn mi títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kọ́ńgò ni mo fi kọ́ ìṣirò. Oníbàárà a ní òun fẹ́ kọ́ńgò méjì ààbọ̀, a nawọ́ owó ńlá sí mi, èmi a gbójú sókè bí ẹni ń ka àjà, màá máa ṣírò ṣéńjì. Bí mo bá ṣì í, kì í ṣe Màámi nìkan ló ń dá mi lóhùn. Ìyá aláṣọ tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa a ní, "Tún un ṣe, ọmọ mi, owó ìyá ẹ lò ń dà nù yẹn." Ọmọ ìyá aláṣọ náà, tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, á ti bú sẹ́rìn-ín, á sì ti sọ ìdáhùn kí n tó lanu. Tó bá di ọ̀la, òun náà a ṣì í, èmi a rẹ́rìn-ín tèmi. N kò rántí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni jókòó tì mí pé òun fẹ́ kọ́ mi níṣirò. Àárín wọn ni mo ti mọ̀ ọ́n. Èènì tí a ń bù lé ọjà gan-an, mo ti mọ̀ pé ó ní ìṣirò tirẹ̀, pé ẹni tó bá ń bù ú láìronú yóò fi kọ́ńgò kan ṣòfò kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Bàbá tó bí bàbá mi, ọmọ Iléṣà ni wọ́n. Òṣómàáló ni wọ́n ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú ni, wọ́n ń tà á láwìn, bí ọjọ́ owó bá sì pé, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè. "Òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi," ibẹ̀ ni orúkọ náà ti jáde. Gbogbo ènìyàn ló mọ ìtàn òṣó yẹn, a sì máa ń fi í ṣe àwọn Ìjẹ̀ṣà lẹ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí a kì í sábà rántí ni bí wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ náà. Ọmọdé kì í dá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ló ń tẹ̀lé, á ru ẹrù, á mọ ojú ọ̀nà, á mọ ẹni tí a lè gbà gbọ́ àti ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn lásán, kí ọ̀gá tó já aṣọ lé e lọ́wọ́ pé ó yá, lọ ta tìrẹ. Nígbà tí àwọn Ìjẹ̀ṣà sì fẹ́ ilé ìwé gíga fún àwọn ọmọ wọn, wọn kò jókòó de ìjọba. Wọ́n para pọ̀ nínú Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe, wọ́n sì dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934. A pawọ́ pọ̀ kọ́ṣẹ́, a pawọ́ pọ̀ sanwó ẹ̀kọ́.

Mo wá dé yunifásítì, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ fún mi ni pé kí n gbájú mọ́ ìwé tèmi, kí n ṣọ́ ọ̀rẹ́ ṣe. Mo gbọ́ràn. Mo tilẹ̀kùn mọ́rí. Mo ka ìwé ìṣirò ọdún kìíní títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi já. Èsì dé, F ni mo gbà. Èmi ọmọ oní-kọ́ńgò! Mo sunkún lọ́jọ́ náà, n kò sì sọ fún Màámi títí sáà kejì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ẹ̀gbọ́n kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, tó wà ní ọdún kẹta nígbà náà, ló pè mí síbi bẹ́ǹṣì. Mo ní derivative ni kò yé mi. Kò ṣí ìwé. Ó bi mí pé, "Ṣé mo gbọ́ pé màmá ẹ ń ta èlùbọ́?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èló ni kọ́ńgò kan lóṣù tó kọjá?" Mo sọ. "Oṣù tó ṣáájú ìyẹn ńkọ́? Tí ìṣáájú ẹ̀ ńkọ́?" Mo sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Ó dáa. Iye tí èlùbọ́ ń ná, ìyẹn ni function. Bí iye yẹn ṣe ń yára gòkè sí, ní ìṣẹ́jú tí o dúró wò ó yìí gan-an, ìyẹn ni derivative. Ó lè wọ́n gan-an kó má yára gòkè mọ́. Ó sì lè pọ̀ kó jẹ́ pé eré ló ń sá lọ sókè. Ọjọ́ tó bá dúró pátá, tí kò gòkè tí kò sì sọ̀, òdo ni derivative lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí o fi í sí òdo tí o bá ń wá ibi tó ga jù."

Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wò ó. Odidi sáà kan ni mo ti ń kọ òdo yẹn sílẹ̀ láìmọ ìdí rẹ̀. Mo tún ẹ̀kọ́ náà ṣe, B ni mo gbà. Kì í ṣe pé ọpọlọ mi pọ̀ sí i láàárín oṣù mẹ́rin.

Bí ẹ bá rò pé àwa nìkan ni, ẹ gbọ́ èyí. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ni níṣirò ní Yunifásítì California, ní Berkeley, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Uri Treisman, ṣàkíyèsí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ń fìdí rẹmi nínú calculus, àwọn ọmọ Ṣáínà sì ń yege. Àwọn olùkọ́ ti ní àlàyé tiwọn lápò: àwọn aláwọ̀ dúdú kò múra tó, ìpìlẹ̀ wọn kò dára, òbí wọn kò bìkítà. Treisman kò bá wọn jiyàn. Ó tẹ̀lé àwọn ọmọ náà lọ síbi tí wọ́n ti ń kàwé. Ó wá rí i pé àwọn òbí bìkítà, àwọn ọmọ náà sì múra. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ń wọ yàrá, wọ́n ń dá kàwé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ fún wọn pé ọmọlúwàbí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe. Àwọn ọmọ Ṣáínà náà ń dá kà, ṣùgbọ́n tó bá di alẹ́, wọ́n á kóra jọ, wọ́n á jẹun, wọ́n á yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, wọ́n á fi ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ dán ara wọn wò. Ẹni tí kò rí ìdáhùn á mọ̀ bóyá òun nìkan ni kò yé tàbí kò yé ẹnikẹ́ni. Treisman dá ẹgbẹ́ ìkàwé sílẹ̀ fún àwọn yòókù, ó fún wọn ní ìṣirò tó le, kì í ṣe èyí tó rọ̀, èsì wọn sì yí padà. Nígbà tí mo kà á, èmi tó ti tilẹ̀kùn mọ́rí rí, ṣe ló dà bíi pé ara mi ni wọ́n ń sọ.

Tiwa tún ní ohun kan tó fi kún un, èdè nìyẹn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí ilẹ̀ bá ti ṣú, Yorùbá la fi ń ṣàlàyé. Ẹ̀rọ tó ń gbóná, ẹ̀jẹ̀ tó ń yí ká ara, òfin tí wọ́n fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, Yorùbá ni gbogbo rẹ̀. A sì ń ṣe é bí ẹni ń jí ẹran nínú ọbẹ̀. Ojú ń tì wá. Tí olùkọ́ bá ń kọjá lọ, a ó yára bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ló dé tí ojú fi ń tì wá? Ilẹ̀ yìí náà ni wọ́n ti dán an wò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ohun gbogbo, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ àwùjọ, láti ìwé kìíní dé ìwé kẹfà, wọ́n sì wá olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa láti kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn mìíràn tí wọ́n fi wé wọn yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta bíi ti gbogbo ilé ìwé. Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ dé òpin ló ṣe dáadáa jù, Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù pé wọn kò ní gbọ́ kò sì fa wọ́n sẹ́yìn. Láti Ọjà Ọba dé Mọ́dákẹ́kẹ́, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e. Mínísítà ẹ̀kọ́ ní àwọn àgbègbè tó ń lo èdè abínibí ló ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣejáde. Mo ka ìròyìn náà lórí bẹ́ǹṣì wa, lálẹ́, a dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ká máa lọ sùn ni?" Ìlànà tí a kò tíì tẹ ìwé fún, tí a kò tíì kọ́ olùkọ́ fún, ni a ti dá lẹ́bi láàárín ọdún mẹ́ta. Èmi kò gbà.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ apá kejì, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò kọ ìdánwò rí. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ìdánwò. Mo ti rí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé ju gbogbo wa lọ lálẹ́, tó sì gba D, torí pé nígbà tó dé iwájú ìwé, kò rí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi sọ ohun tó mọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ní òfin kan ní bẹ́ǹṣì wa. A ó fi Yorùbá jà á dé ìdí, ṣùgbọ́n kí a tó dìde, kálukú yóò kọ ìdáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì sórí tákàdá, a ó pààrọ̀ tákàdá, a ó kà á fún ara wa. Ẹni tó bá ní Yorùbá nìkan ti tó ń tan ara rẹ̀. Ẹni tó bá sì ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ti tó, ó lè máa há ohun tí kò yé e sórí títí yóò fi gba ìwé ẹ̀rí.

Òfin kejì, ọwọ́ àwọn alájọ la ti yá a. Ẹni tí kò bá dá àjọ kì í kó àjọ. Gbogbo ẹni tó bá wá síbẹ̀ gbọ́dọ̀ mú àkòrí kan tí yóò ṣàlàyé fún àwọn yòókù, ì báà jẹ́ ẹni tó gba F. Èyí ni ìdáhùn mi fún àwọn tó ń sọ pé kíkàwé papọ̀ ló ń bí èrú nínú ìdánwò. Ẹni tó ti dìde ṣàlàyé nǹkan níwájú ènìyàn mẹ́jọ, tí wọ́n ti fi ìbéèrè fà á ya, kò nílò láti yọ ọrùn wo ìwé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó dá wà, tí kò yé, tí kò rí ẹni bi, òun ni ọwọ́ rẹ̀ ń wọ àpò.

Ọ̀rọ̀ ìbéèrè yìí, ẹ jẹ́ n dúró lé e díẹ̀. Ní Ọjà Ọba, kò sí ohun tí ọmọdé kì í béèrè. Èló ni? Kí ló dé tó fi wọ́n? Ṣé ẹ ò ní dín in? Ó lè bá àgbà tó tó ìyá ìyá rẹ̀ yọwó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sì sẹ́ni tó máa pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́, bó bá ṣáà ti kúnlẹ̀ kí wọn. Ọmọ kan náà yóò wọ gbọ̀ngàn yunifásítì, ẹnu rẹ̀ a kú. Olùkọ́ a ní, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo wa a ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà!" Irọ́ gbuu. A kò fẹ́ kó dà bíi pé à ń sọ fún àgbà pé kò mọ̀ ọ́n kọ́. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni èyí ń ṣe. Àwọn ará Samoa, ní erékùṣù Òkun Pàsífíìkì lọ́hùn-ún, ní ọ̀rọ̀ kan, fa'aaloalo, tó jẹ́ ọ̀wọ̀. Ọmọ tí a fi í tọ́ máa ń gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu, kì í já àgbà ní koro. Tó bá wá dé yunifásítì òyìnbó, olùkọ́ a rò pé ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ni àìmọ̀. Mo rí ara mi nínú ìyẹn. N kò ní kí a ju ọ̀wọ̀ sígbó. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwa ti ní ibi tí a ti lè béèrè láìbu ẹnikẹ́ni kù, bẹ́ǹṣì alẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ọdún kẹta kì í ṣe olùkọ́, o lè sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kò tíì yé mi o," lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Ó wá ku àwọn tí kò lè dé bẹ́ǹṣì náà.

Ọmọ ìyá aláṣọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọdún kan náà la wọ yunifásítì kan náà. Òun ló mọ ìṣirò jù mí lọ láti kékeré, gbogbo ọjà ló mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi rí họ́sítẹ́ẹ̀lì, òun kò rí. Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ẹsẹ̀, òun ló sì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀ kó tó wá sí kíláàsì, òun náà ló ń pa á dé. Aago mẹ́rin ló ń sáré wọkọ̀ lọ. Aago mẹ́sàn-án la máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń bèèrè ìwé mi, mo sì máa ń fún un. Mo rò pé mo ti ṣoore. Ìwé tí mo kọ, èmi nìkan ló yé, torí pé gbogbo ohun tí a sọ ní Yorùbá lálẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Ìparí ọdún kejì, wọ́n ní GP rẹ̀ kò tó, kó máa lọ sílé. Ọjọ́ tó wá gbé ẹrù díẹ̀ tó ní lọ́wọ́ mi, ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ó ní, "Oní-kọ́ńgò, ìwọ ló wá rẹ́rìn-ín kẹ́yìn." N kò rí nǹkan sọ.

Irú rẹ̀ ń pọ̀ sí i láàárín wa, ohun tó dára ló sì fà á. Yunifásítì ti sún mọ́lé. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá UNIOSUN sílẹ̀ ní 2006, ọgbà rẹ̀ ti wà ní Òṣogbo, Òkukù, Ìkirè, Èjìgbò, Ìfẹ́tẹ̀dó àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́ ní Iléṣà náà ti di yunifásítì. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lè rán lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn lè ti ilé lọ, kó sì ti ibẹ̀ padà sílé. Mo yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ àtilélọ, ojúmọmọ nìkan ló ní, ojúmọmọ kò sì ni ibi tí a ti ń yege, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ. Owó ẹ̀yáwó NELFUND tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2024 ń san owó ilé ìwé, ó sì ń fún ẹlòmíràn ní ₦20,000 lóṣù fún jíjẹ mímu. Kò sí ìwé ẹ̀yáwó tó lè yá ènìyàn ní alẹ́.

Nítorí náà, ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀. Àwọn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣófo láàárín aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán, kọ́kọ́rọ́ á sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti lọ jẹun. Kí àwọn aláṣẹ ṣí wọn sílẹ̀. Kí àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa gbé ìkàwé alẹ́ kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán, wá sí ọ̀sán, kí wọ́n sì polongo rẹ̀ fún àwọn tí ń ti ilé wá. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, ẹ ṣeun fún bẹ́ǹṣì tí ẹ kọ orúkọ sí lára, à ń jókòó lórí rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wákàtí méjì yín ṣe pàtàkì ju bẹ́ǹṣì lọ. Tí ẹ bá wá kí àwọn òbí yín ní ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo tàbí ọdún Kérésì, ẹ yà síbí, kí ẹ ṣàlàyé ohun kan ṣoṣo tó fún yín ní wàhálà nígbà tí ẹ wà níbí. Lámídì Fákẹ́yẹ, agbẹ́gilére ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, lọ kọ́ni ní Ifẹ̀. Múráínà Oyèlámì ará Ìràgbìjí náà lọ kọ́ni níbẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n bá ènìyàn ṣe papọ̀ ni wọ́n fi di olùkọ́, yunifásítì kò sì ṣe yẹ̀yẹ́ wọn.

Àwa fúnra wa ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kọjá, bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣàlàyé lálẹ́, a ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí WhatsApp, Yorùbá rẹ̀ àti ẹ̀rín inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀, a sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ìgbà mìíràn ariwo jẹnẹrétọ̀ máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ máa bínú.

Ọmọ ìyá aláṣọ ti tún JAMB ṣe. Ní Sátidé tó kọjá, mo lọ bá Màámi lọ́jà, mo rí i tó ń wọn àǹkárá fún oníbàárà, okùn fóònù wà létí rẹ̀ kan. Mo rò pé orin ló ń gbọ́. Ó yọ ọ́, ó fi sí etí mi. Ohùn èmi fúnra mi ni, mò ń sọ̀rọ̀ nípa integration, mo sì ń pariwo bí ẹni ń kiri ọjà.

Ó ní, "Ibi tí o ti sọ pé kí a kó gbogbo ègé aṣọ wẹ́wẹ́ jọ yẹn, o ṣì í. Jókòó, jẹ́ n fi hàn ẹ́."

Ó fa àpótí fún mi, ó sì mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ.